Ọgbọ́n tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀rọ ìgérin dé Bessé

Ẹni tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn jórinjórin kọjá ní Bessé, ní kọ́múnù Ṣábẹ̀ẹ́, etí rẹ̀ yóò ti gbọ́ igbe meule kí ojú rẹ̀ tó rí iná tó ń ta pàrà lára irin. Meule yìí àti ẹfun tí wọ́n fi ń fa ìlà ni wọ́n fi ń gé ilẹ̀kùn, fèrèsé, ẹ̀rọ tí àwọn ìyá fi ń rin gbágùúdá àti èyí tí wọ́n fi ń fún omi gàrí. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àkókò, ó ń jẹ abẹ meule, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ẹnu ẹ̀rọ gbágùúdá kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Nítorí náà, kò sí ohun ìyanu bí ọ̀rọ̀ tábìlì ìgérin tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí wọ́n ń pè ní CNC, bá wọ àwọn ọ̀gá létí. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lè da owó jọ rà á. Àwọn olùrànlọ́wọ́ sì lè fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kí èyíkéyìí nínú méjèèjì tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó yanjú, èyí tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sọ délẹ̀.

Fífi plásímà gé irin kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1957 ni Robert Gage gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti fún pọ̀ ni wọ́n ń tì gba ihò tóóró kan, tí iná mànàmáná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá sára irin. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún lè gbóná dé 20 000 °C. Irin tó wà níwájú rẹ̀ á yọ́, afẹ́fẹ́ náà á sì gbá a dànù. Bí wọ́n bá gbé tọ́ọ̀ṣì tó ń tú iná yìí sórí tábìlì, kọ̀ǹpútà á máa darí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí wọ́n yà fún un. Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà kẹta ni ìjọ̀gbọ̀n wà: òkè àti ìsàlẹ̀.

Láàárín ẹnu tọ́ọ̀ṣì àti irin, àlàfo tó yẹ kó wà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1,5 sí 3 lọ. Bí tọ́ọ̀ṣì bá ga jù, etí irin á dagun, ìdàrọ́ á sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, buse á kan irin, á bàjẹ́. Nígbà mìíràn tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ á fọ́. Bẹ́ẹ̀ irin pẹlẹbẹ kì í tẹ́jú pátápátá. Tôle mìlímítà 2 tí wọ́n dì sórí ọkọ̀ láti Kútọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 250, ṣòro kó má tẹ̀ níbì kan, ooru iná tó ń gé e yóò sì tún mú un wú sókè bí àkàrà nínú epo. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣàkóso gíga tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò ní ojú. Fólítì iná náà ló ń wọ̀n: bí iná bá ṣe gùn tó ni fólítì ṣe ń pọ̀ tó. Bí òṣìṣẹ́ bá fi 120 lélẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ka 126, ó gbà pé tọ́ọ̀ṣì ti ga jù, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá ka 114, á gbé e sókè. Kí iná tó ṣẹ́ pàápàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kọ́kọ́ fẹnu kan irin jẹ́jẹ́ láti mọ ibi tó wà. Wọ́n á wá gòkè díẹ̀ ju gíga ìgérin lọ láti lu ihò, kí irin yíyọ́ má baà ta padà sínú buse, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ̀kalẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn kan á ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ kékeré yìí kúrò nínú ohun tí wọ́n máa rà, kí owó lè dínkù. Ẹni tó ń gé irin tó nípọn tó sì tẹ́jú lè gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Tôle fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ti ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ gbágùúdá. Tábìlì tí kò lè tẹ̀lé wíwú irú tôle bẹ́ẹ̀ yóò máa jẹ buse bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ á sì gba ibẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ríra nìkan kò tó. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, nọ́ńbà ọ̀hún sì lè parọ́. Nínú tọ́ọ̀ṣì, èlò kan wà tí wọ́n ń pè ní électrode, tí ẹyọ hafnium kékeré kan wà lórí rẹ̀. Bí iṣẹ́ ti ń lọ ni iná ń jẹ hafnium yìí, tí ihò ń dá sí i. Iná á wá máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà sí irin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fólítì á sì lọ sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọ́ọ̀ṣì kò kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Ó rò pé tọ́ọ̀ṣì ga jù, á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan irin. Òṣìṣẹ́ tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ á fi fólítì díẹ̀ kún èyí tó fi lélẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí kó pààrọ̀ électrode. Bákan náà ló rí ní igun: tábìlì á dẹ ìrìn kó lè yí, iná á jẹ irin fẹ̀ sí i, fólítì á fò sókè, tọ́ọ̀ṣì á sì forí sọlẹ̀. Bó bá gba orí ibi tó ti gé tẹ́lẹ̀ kọjá, ohun kan náà ni. Ẹni tó mọ̀ á pàṣẹ fún ẹ̀rọ kó di gíga rẹ̀ mú ní irú ibẹ̀, kó má tẹ̀lé fólítì. Ìpẹtà lábẹ́ masse tó láti da òǹkà náà rú. Ní àsìkò òjò, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á tún mú kí électrode tètè jẹ, wàhálà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kan tó ju gbólóhùn mẹ́ta lọ láti ṣàlàyé. Ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta náà yóò ba tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́, ọ̀gá á fi ìbínú lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì di ti ẹnì kan ṣoṣo tó ń ti Kútọnu wá. Lọ́jọ́ tí onítọ̀hún kò bá wá mọ́, wọ́n á da aṣọ bo tábìlì, wọ́n á padà sídìí meule.

Níbo ni wọ́n kọ gbólóhùn wọ̀nyí sí? Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní èdè Ṣáínà; bí orí bá bá ẹni ṣe é, ní Faransé. Ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní CE1 kó tó wá kọ́ṣẹ́ kò lè kà á. Ọmọ yìí kan náà lè ka Yorùbá ní kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, níbi tí wọ́n á ti fún un ní ìwé lórí ìmọ́tótó, òwú àti ajílẹ̀. Òwú dára, ajílẹ̀ náà dára. Iṣẹ́ tirẹ̀ dà?

Àwọn kan ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí. Èdè tó ní ẹwìrì, ẹmú, owú àti ìdàrọ́ ti ń sọ̀rọ̀ irin kí ẹnikẹ́ni tó mú meule dé Ṣábẹ̀ẹ́. Bó bá ku fólítì, kó gbé e wọlé bó ti gbé mọ́tò àti táyà wọlé. Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: pé Faransé ni ọmọ náà nílò bó bá fẹ́ ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá. Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí wọ́n fi Yorùbá dí i lọ́nà. Síbẹ̀, ẹni tó ti mọ̀ ní Yorùbá ìdí tí tọ́ọ̀ṣì fi ń forí sọlẹ̀ ní igun kò ní pẹ́ mọ ohun tí tension d'arc túmọ̀ sí. Ẹni tó há ọ̀rọ̀ Faransé náà sórí láìmọ ìdí rẹ̀, électrode á jẹ tán lójú rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó ń darí tábìlì pàápàá kò ní láti jẹ́ èdè àjèjì títí láé: LinuxCNC, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń darí irú tábìlì yìí, jẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí òfin rẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láyè láti yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà.

Kí ọ̀gá jórinjórin méjì tàbí mẹ́ta àti olùkọ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan jókòó pọ̀ kí tábìlì tó dé. Kí wọ́n kọ ojú ìwé kan, kí wọ́n kà á sí etí ọmọ iṣẹ́, kí wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e kọ. Ẹni tó bá ń ṣírò owó irú tábìlì bẹ́ẹ̀, kó ka ọjọ́ iṣẹ́ wọn mọ́ électrode àti buse. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò CQM, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe lópin ẹ̀kọ́ wọn, lè bi ọmọ léèrè lórí ojú ìwé náà. Lára ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n kun pátákó dúdú kan tí wọ́n fi ìlà pín sí mẹ́ta: ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ électrode, fólítì tí wọ́n fi lélẹ̀, ohun tí etí irin jọ. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ni kí wọ́n gbé ẹfun fún.