Kí ọmọ yín tó lọ dúró níwájú onífọ́tò

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣe mọ́dẹ̀lì ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó ti ń dé ọ̀dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì báyìí.

Wọ́n gbé ọmọbìnrin ọmọ ọdún 19 kan wá bá wa, níbi tí wọ́n ti ń yà á ní fọ́tò ló ti dákú. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun gidi, omi àti ọsàn nìkan ló ń mu. A fa omi sí i lára, nígbà tó jí, ó ní òun fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, pé bí mọ́dẹ̀lì ṣe ń rí nìyẹn. Ẹnu ya onífọ́tò tó gbé e wá. Aṣọ òkè àti gèlè ló fẹ́ fi yà á, ohun tó sì jẹ́ kó yàn án láàárín àwọn tó wá ni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú dáadáa. Ọmọ yìí ti ń bóra láti ọ̀sẹ̀ méjì o! Ohun tí ọkùnrin yẹn rí lára rẹ̀ gan-an ló ń sáré nù kúrò. Wọn ò bi ara wọn léèrè.

Ebi pípa ara ẹni kì í ṣe eré. Ní November 2006, Ana Carolina Reston, mọ́dẹ̀lì ọmọ Brazil, kú lẹ́ni ọdún 21 nítorí àìjẹun. Nǹkan bíi kílò 40 ló wọ̀n. Láti 2017 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti ní kí mọ́dẹ̀lì gba ìwé dókítà kó tó ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára fọ́tò ìpolówó bí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà sọ ara èèyàn di tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín. Ara tí wọ́n ń torí ẹ̀ febi panú lè má jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ní ti ìpara ìbóra, mercury tó wà nínú àwọn kan ń ba kíndìnrín jẹ́, awọ tó ti bó sì máa ń ṣòro rán bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ.

Owó náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ onífọ́tò gbà pé fọ́tò tí òun máa fún ọmọ ni owó iṣẹ́. Ọmọ ti yáwó ṣerun, ó ti yáwó wọkọ̀, owó gidi ló ń retí. Ìjà á bẹ́. (Àwọn ọmọ náà ò ṣeé gbè lẹ́yìn nígbà mìíràn: aago mẹ́sàn-án ni wọ́n pè wọ́n, aago méjìlá ni wọ́n dé, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mẹ́rin!) Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹni tó ya fọ́tò ló sábà máa ń ni ín, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Nítorí náà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n máa lò ó sí, kí ẹ má baà rí ojú ọmọ yín lára páálí oògùn àtọ̀sí.

Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: aṣọ wo, ta ló máa wà níbẹ̀, wákàtí mélòó, èló, ìgbà wo ni fọ́tò máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 18, ẹ tẹ̀lé e lọ, ẹ má rán ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kó jẹun kó tó kúrò nílé, kó gbé omi dání. Bó bá jẹ́ SS, kó sọ fún onífọ́tò ṣáájú, nítorí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀.