Bí Ìlù Bá Yí, Kí Ijó Náà Yí: Ọ̀rọ̀ Ọlọ́kadà Tí Ó Di Oníkẹ̀kẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan gbogbo ẹni tí ń wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Ṣómólú, ní Bàrígà, ní Onípáànù àti ní Akọkà. Ó sì kan àwọn tí ń wà á ju gbogbo wa lọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ti rí ní Èkó. Orúkọ rẹ̀ gan-an, ara ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, ti Olóyè Gabriel Igbinedion, ni àwọn ènìyàn ti mú un, nítorí pé alùpùpù a máa sáré bí ẹni tí ń fò. Ní 2012, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìrìnnà tí ó lé ọ̀kadà kúrò ní ojú ọ̀nà 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n dá a dúró pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ọ̀ràn dé ọ̀dọ̀ tiwa: òfin náà kan Ṣómólú, Mushin, Kòsọ́fẹ́ àti Oshodi-Isolo. Bàrígà, tí a ti yọ lára Ṣómólú láti 2003, kò sì gbẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó ti fi ọ̀kadà san owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ ni ó wá di dandan fún láti wá iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kan padà sí ìlú wọn. Àwọn kan bọ́ sí orí kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Láti ìgbà tí Buba Marwa jẹ́ gómìnà ológun ní Èkó, láàárín 1996 sí 1999, ni a ti ń pè é ní Márúwá. Àwọn mìíràn ń pè é ní kẹ̀kẹ́ NAPEP, nítorí ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń bá ìṣẹ́ jà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2001.

Níbí ni ọ̀rọ̀ wà o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ pé, “Ẹni tí ó lè gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì láàárín ọkọ̀ Èkó, kí ni yóò ṣòro fún un nínú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta?” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kadà gùn jù lọ ni ó ní àṣà àtijọ́ tí ó pọ̀ jù lọ láti gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Lórí ọ̀kadà, ọwọ́ òsì ni ó ń di kilọ́ọ̀ṣì mú, ẹsẹ̀ òsì ni ó sì ń yí jíà. Ọwọ́ ọ̀tún ń fún ẹ̀rọ ní iná, ọwọ́ ọ̀tún yìí kan náà ni ó sì ń fa bíréèkì iwájú, nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Nínú kẹ̀kẹ́ tí ó wọ́pọ̀ ní àdúgbò wa, ọwọ́ òsì nìkan ni ó ń di kilọ́ọ̀ṣì mú tí ó tún ń yí jíà. Ẹsẹ̀ òsì kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún ń fún ẹ̀rọ ní iná, ṣùgbọ́n kò ní bíréèkì kankan láti fà. Gbogbo bíréèkì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Bí ọ̀nà bá dá, tí ọkàn bá balẹ̀, ènìyàn yóò rántí gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé-ìwé bá já sí ojú títì lójijì ńkọ́? Ìka ọwọ́ ọ̀tún yóò kọ́kọ́ na ara rẹ̀ jáde láti wá bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Kí ó tó rántí ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ ti sún síwájú. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kò sí bí a ti ṣe lè ṣe Ifá kí ó má hu ìwà èkùrọ́. Ìgbà ìbẹ̀rù ni àṣà àtijọ́ máa ń jí.

Kì í ṣe àwọn ará Bàrígà nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní òkè òkun, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé alùpùpù gígùn nínú ẹrẹ̀, nínú yanrìn àti lórí òkìtì ni iṣẹ́ wọn. Motocross ni wọ́n ń pe eré náà. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean-Michel Bayle. Ó gba ife ayé fún alùpùpù kékeré ní 1988, ó sì gba ti èyí tí ó tóbi jù ú lọ ní 1989. Lẹ́yìn èyí ni ó kọjá sí Amẹ́ríkà.

Àwọn tí ń bẹ ní Yúróòpù ń sá eré wọn lórí ilẹ̀ gbalasa, níbi tí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ wà bí Ọlọ́run ti dá wọn. Ní Amẹ́ríkà, bí ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, inú pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kó erùpẹ̀ dà sí. Wọ́n á mọ òkìtì sínú rẹ̀, wọ́n á sì mọ ebè kéékèèké tí ó tò tẹ̀ lé ara wọn bí ebè inú oko iṣu. Ibẹ̀ há, kọ́nà rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tí ó bá jókòó gẹlẹtẹ lórí ebè wọ̀nyí yóò ṣubú. Ìdúró ni yóò dúró lórí alùpùpù, tí yóò máa fò láti orí kan dé orí kejì láìjẹ́ kí táyà iwájú rì sí àárín wọn. Àní wọ́n ní láti mú kí sípíríǹgì alùpùpù náà le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bayle fi ara balẹ̀ kọ́ gbogbo èyí. Ní 1991, ó gba ife mẹ́ta ní Amẹ́ríkà nínú ọdún kan ṣoṣo: ọ̀kan nínú pápá ìṣeré, méjì lórí ilẹ̀ gbalasa.

Ẹ má ì tíì ṣe àtẹ́wọ́ tán o. Lẹ́yìn èyí, Bayle fi erùpẹ̀ sílẹ̀, ó lọ bá àwọn tí ń sá eré lórí ọ̀dà títì. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà ni, ẹni kan náà ni ó sì ń gùn ún, síbẹ̀ kò gba ife ayé kankan níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jorge Prado, ọmọ Sípéènì, tí ó gba ife ayé motocross ní 2023 àti 2024. Nígbà tí ó dé inú pápá ìṣeré Amẹ́ríkà ní 2025, kò rọrùn fún un rárá. Bí ilẹ̀ bá yí padà, ọba náà di ọmọ ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ṣómólú. Ohun kejì tí ó gbọdọ̀ yí padà ni bí a ti ń yí kọ́nà. Bí ọlọ́kadà bá fẹ́ yà, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ yóò jọ tẹ̀ sí ìhà ibi tí wọ́n ń lọ. Kẹ̀kẹ́ kì í tẹ̀. Bí ó bá fi eré yà sí ọ̀tún, òsì ni gbogbo ẹrù àti èrò yóò máa tì í sí. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ní níwájú láti fi gbé ara rẹ̀ ró. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ó wà ní ìhà inú kọ́nà yóò gbé sókè, bí a kò bá sì tètè ṣọ́ra, kẹ̀kẹ́ a dojú dé. Nítorí náà, kí a tó dé kọ́nà ni a ti ń dín eré kù. Ẹni tí ó bá dúró di inú kọ́nà kí ó tó tẹ bíréèkì ti pẹ́ jù.

Ohun kẹta ni kòtò. Táyà ọ̀kadà méjèèjì ń tọ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, nítorí náà ọlọ́kadà lè rin àárín kòtò méjì bí ẹni tí ń rin orí afárá igi. Ọ̀nà mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ ń tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà iwájú lè yẹ kòtò sílẹ̀ dáadáa, kí táyà ẹ̀yìn já sínú rẹ̀ gbàgà. Bẹ́ẹ̀ ni gọ́tà ẹ̀bá ọ̀nà: ibi tí ọ̀kadà ti ń gbà lánàá, ìdajì ara kẹ̀kẹ́ kò lè gbà á lónìí. Ojú awakọ̀ gbọdọ̀ kọ́ láti máa wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, kì í ṣe iwájú nìkan.

Ohun kẹrin, kí ẹsẹ̀ jókòó sínú ilé. Bí ọ̀kadà bá fẹ́ ṣubú, ẹni tí ń gùn ún a fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ láti gbé e ró. Àwọn eléré motocross náà a máa na ẹsẹ̀ kan jáde bí wọ́n bá ń yà ní kọ́nà. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ń wá bí ẹsẹ̀ yóò ṣe wà lábẹ́ ẹrù tí ó wúwo ju òun lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Ìkarùn-ún ni ìkánjú. Ọlọ́kadà ń gbé ènìyàn kan tàbí méjì dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó tún sáré padà. Eré ni owó rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ a máa tò lórí ìlà, a máa dúró kí èrò kún, ojú ọ̀nà kan náà ni ó sì ń lọ tí ó ń bọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Owó rẹ̀ wà nínú kí kẹ̀kẹ́ má bàjẹ́, kí èrò má sì sá fún un. Ẹni tí ó bá ń fi eré ọ̀kadà wa kẹ̀kẹ́ nítorí owó tí yóò san lọ́jọ́ náà, ilé mẹ́káníìkì ni yóò kó o fún.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, ẹ wá ilẹ̀ gbalasa ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ wà á lófìfo. Ẹ máa sáré díẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró lójijì, títí ìka yín yóò fi gbàgbé bíréèkì àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ di àpò yanrìn sí ẹ̀yìn, kí ẹ tún un ṣe, nítorí kẹ̀kẹ́ tí ó kún kì í tètè dúró bí èyí tí ó ṣófo. Kì í ṣe orí ọmọ ọlọ́mọ ni ó yẹ kí a ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Iṣẹ́ wà fún àwa èrò náà. Bí ìwọ nìkan bá wà lẹ́yìn, jókòó sí àárín. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ṣómólú, tí ẹ ń fi kẹ̀kẹ́ kó ìdì ìwé, ẹ tò ó sí ilẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ má kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má sì tò ó ga. Ẹ̀yin ìyá oníṣòwò, bí ọjà bá ń pe yín, ẹ má sọ fún awakọ̀ pé, “Sáré, mo ti pẹ́.” Ẹ sọ pé, “Ọmọ mi, rọra, mo fẹ́ délé.” Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má ṣe na apá tàbí orí jáde, kí wọ́n má sì ṣe jókòó ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, níbi tí wọn yóò ti dí i lọ́wọ́.

Kò sí àbùkù nínú kí àgbà ọlọ́kadà tún kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó gba ife ayé pàápàá tún un kọ́. Bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó tí ó bá kọ̀ tí kò yí ẹsẹ̀ ni yóò ṣubú lójú agbo. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.