Ẹ Tú Okùn Lọ́rùn Onífọ́tò

Ẹni tó bá rò pé okùn tí a fi ń gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn ṣì wúlò, kó wọ Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì ní ọjọ́ tí èrò pọ̀, kó gbé kámẹ́rà ńlá kọ́ ọrùn, kó sì gbìyànjú láti kí ìyá oníṣu kan. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, yóò tẹ̀ ba. Bó ṣe ń tẹ̀ ni kámẹ́rà ń kúrò láyà rẹ̀, tó ń fì síwájú, tí yóò sì kọlu ohunkóhun tó bá pàdé. Bó bá jẹ́ obìnrin, tó kúnlẹ̀, lẹ́ǹsì á kan erùpẹ̀. Ìkíni tí wọ́n kọ́ wa nílé, okùn yìí kò fún un láyè.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo dúró níwájú àtẹ alátà kan, mo tẹ̀ ba láti kí i, kámẹ́rà mi sì gbá abọ́ tòmátò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tò tán. Tòmátò yí lọ sínú gọ́tà. Màmá náà kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló so okùn mọ́ ẹ lọ́rùn bí ewúrẹ́?" Gbogbo àwọn tó wà ní ìsọ̀ tó yí wa ká bú sẹ́rìn-ín. Mo sanwó tòmátò, mo tún ra òmíràn lé e, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tú okùn ọrùn kúrò lára kámẹ́rà mi, tí mo sì so okùn kúkurú mọ́ ọn, irú èyí tí a ń ki ọwọ́ bọ̀ tí yóò fún mọ́ ọrùn-ọwọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó yẹ kí gbogbo onífọ́tò tó ń rìn láàárín èrò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ni mo wí. N kò sọ pé kí wọ́n dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ màmá yẹn dáadáa. Yorùbá mọ ibi tí ẹrù ń gbé. Orí ni aláàárù fi ń ru àpò gaàrí. Ẹ̀yìn ni a ń pọn ọmọ sí. Èjìká ni ọdẹ ń gbé ìbọn kọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ló yẹ ọrùn. Ẹran ọ̀sìn ni a ń so okùn mọ́ lọ́rùn, torí pé a kò fẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn á ní onígúdúgúdú ńkọ́, ṣebí ọrùn ló ń gbé ìlù rẹ̀ kọ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni onígúdúgúdú fi ń lù ú, kò sì dẹwọ́ títí ìlù yóò fi parí. Kì í gbé e kọ́rùn rìn káàkiri ọjà, kó máa wá ẹni tí yóò lù ú fún.

Okùn ọrùn ní ìgbà tirẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Onífọ́tò ayé àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n rárá: orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kámẹ́rà rẹ̀ ń dúró sí, òun a sì da aṣọ dúdú borí. Nígbà tó yá ni irú kámẹ́rà bíi Rolleiflex ti ilẹ̀ Jámánì dé, èyí tó jáde ní 1929. Òkè ni a ti ń wo inú rẹ̀, kámẹ́rà á wà níwájú ikùn, okùn á le dan-in lọ́rùn, líle yẹn ni kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Okùn ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Lónìí, ojú la ń gbé kámẹ́rà lọ, okùn á dẹ̀, á máa fì lásán. Ó ti fẹ̀yìn tì, a kò kàn tíì sọ fún un ni. Ìwúwo tún wà ńbẹ̀. Nikon D850 nìkan, pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, lé díẹ̀ ní kílò kan. Ẹ wá fi lẹ́ǹsì gígùn tó tó kílò kan àti ààbọ̀ kún un, kí ẹ gbé e kọ́ ọrùn láti ìsìn òwúrọ̀ títí dé ìgbà tí wọ́n bá ń ká àga ìnáwó nílẹ̀. Ọrùn tó sì ti gbé orí tẹ́lẹ̀!

Ìwúwo kọ́ ni mo torí ẹ̀ gbé gègé. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé okùn ọrùn ń sọ onífọ́tò di ọdẹ, ó sì ń sọ àwọn ìyá wa di ẹran ìgbẹ́. Kámẹ́rà tó bá wà láyà, ojú ènìyàn ni lẹ́ǹsì rẹ̀ ń kọ sí ní gbogbo ìgbà. Kámẹ́rà òde òní sì lè ya àwòrán láìdún pin. Ìyá eléèlùbọ́ kò lè mọ̀ bóyá ẹni tó ń bọ̀ yìí ń ya òun àbí ó kàn ń kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìborùn bojú, tí wọ́n ń kẹ̀yìn sí wa, tí àwọn kan sì ń pariwo mọ́ wa. Àwọn onífọ́tò ẹgbẹ́ mi á ní àwọn ará ọjà kò lajú. Irọ́ ni. Ojú wọn là kedere. Wọ́n mọ̀ pé àwòrán ènìyàn lè ti orí fóònù kan dé orí òmíràn, kí ẹnì kan wá kọ ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tajà kò tíì ta ojú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé Yorùbá kórìíra fọ́tò. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí nípa fọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń jókòó fún àwòrán: aṣọ ńlá lọ́rùn, ojú kọ kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ lórí orúnkún. Ẹ tún wo J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968, tí àwòrán irun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1000. Ẹ̀yìn orí ló yà jù nínú wọn. Obìnrin tó bá jókòó jẹ́ẹ́ kí àlejò ya ìpàkọ́ òun ti gbà fún un kó tó yà á. A máa ń gbà. Ẹ kàn bi wá ni.

Bí kámẹ́rà bá wà ní ọrùn-ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ itan ló ń gbé, ilẹ̀ ni lẹ́ǹsì rẹ̀ ń wò. Kó tó lè ṣe nǹkan kan, mo ní láti gbé e sókè, gbogbo ìsọ̀ ló sì máa rí mi. Láti itan dé ojú, àyè kékeré kan wà níbẹ̀ tó gba, "Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yà yín?" Àyè yẹn ni mo ń jà fún.

Ẹ̀sùn tó le jù lọ tí wọ́n fi ń kan okùn ọrùn-ọwọ́, ilé wa ló ti wá: ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń di kámẹ́rà mú, ọmọ Yorùbá kì í sì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ẹ̀sùn yìí dùn mí, torí pé ó ti mú mi rí. Mo na ọwọ́ òsì gba ṣéńjì lọ́wọ́ bàbá kan ní Òkèṣà, bàbá náà sì fa owó rẹ̀ sẹ́yìn. Àtìgbà náà ni mo ti ń gbé àpò kékeré kọ́ èjìká. Bí mo bá fẹ́ gba nǹkan, tàbí tí mo fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ pẹ́, kámẹ́rà á wọnú àpò. Ọ̀rọ̀ á sì dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé èmi àti ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ló kù.

Wọ́n tún ní olè á já a gbà. Olè tó bá fa okùn ọrùn lórí ọ̀kadà, kámẹ́rà nìkan kọ́ ni yóò fà, yóò fa ọrùn pẹ̀lú. Ká tiẹ̀ yọ olè kúrò, bí okùn bá kọ́ ọwọ́ bárò tí wọ́n ń tì kọjá, ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń gbé kámẹ́rà méjì ní ibi ìgbéyàwó, kó lo okùn tó gba èjìká kan bọ́ sí ìhà kejì. Mo gbà fún un. Ìnáwó tí wọ́n pè é sí nìyẹn, kì í ṣe ọjà.

"Ọ̀nà kan kò wọ ọjà," ni ọ̀rẹ́ mi kan fi dá mi lóhùn nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí a gbà wọ ọjà tí a kì í kí ọlọ́jà.

Okùn tèmi, aránbàtà ló ṣe é fún mi. Awọ ni, ìlọ́po méjì, ó fi òwú ọ̀rá rán an, ó sì fi òrùka kékeré sí i tó ń jẹ́ kó fún mọ́ ọwọ́ bí mo bá ju ọwọ́ sílẹ̀. Owó tó gbà kò tó owó iyán àti ẹran méjì. Kó tó gbé e fún mi, ó fi iṣu kan tó wúwo ju kámẹ́rà mi lọ kọ́ ọ, ó sì fì í yípo níwájú ìsọ̀ rẹ̀ títí àwọn ọmọ fi sá.

Oṣù Kẹjọ ni Ùdíróko, àwọn onífọ́tò á sì tún kún ààfin Ewì. Nígbà tí Kábíyèsí bá jáde, tí gbogbo ènìyàn bá dọ̀bálẹ̀, kí ẹ wo àwọn tó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn. Ẹ óò rí i bí wọn yóò ṣe fi ọwọ́ kan di kámẹ́rà mọ́ àyà, tí wọn yóò sì kí ọba ní ìdajì. Mo ti sọ fún aránbàtà mi pé kó tọ́jú awọ sílẹ̀.