“Blind as a bat”? Àdán ń ríran o!

Tí ẹnì kan bá ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà níwájú rẹ̀ gangan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “You’re as blind as a bat!” Ìtumọ̀ rẹ̀ ò le: ojú onítọ̀hún ò ríran dáadáa. Ẹ máa lò ó, kò sí wàhálà. Àwọn tó gbà pé àdán fọ́jú lóòótọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Irọ́ ni o! Irú àdán tí sáyẹ́ǹsì ti mọ̀ ju 1,400 lọ, kò sì sí èyí tó jẹ́ afọ́jú nínú wọn.

Àwọn òòbẹ̀ kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò ló wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n máa ń ké igbe tí etí wa ò lè gbọ́, wọ́n á sì fi gbohùngbohùn tó padà wá mọ ibi tí kòkòrò wà nínú òkùnkùn. Donald Griffin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọgbọ́n yìí ní “echolocation” lọ́dún 1944. Ṣùgbọ́n pé etí wọn mú kò ní kí ojú wọn fọ́.

Ti wa ńkọ́? Àwọn àdán ńlá tó máa ń so rọ̀ sórí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ kì í lo ọgbọ́n gbohùngbohùn yẹn. Ojú ńláńlá wọn àti imú ni wọ́n fi ń wá èso lóru. Irú wọn náà ló ń gbé hóró ìrókò kiri inú igbó. Ẹni tó kà wọ́n sí afọ́jú lásán ò ní kíyè sí iṣẹ́ yẹn.

Àwọn àgbà wa ní, “Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ.” Ṣé afọ́jú máa ń wòran ni?

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni “bury your head in the sand”, tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń ṣe bíi pé òun ò rí ìṣòro. Ògòǹgò kì í ki orí bọ iyanrìn. Ilẹ̀ ló máa ń gbẹ́ kó ẹyin sí. Tó bá tẹ orí ba láti fi ẹnu yí ẹyin padà, ẹni tó wà lókèèrè lè má rí orí rẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo òwe Yorùbá ló bá sáyẹ́ǹsì mu. Ohun tí mò ń sọ ni pé àkànlò èdè kì í ṣe ìwé bàọ́lọ́jì. Ẹ fi dá àpárá, ẹ fi bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Tó bá di ọ̀rọ̀ ẹranko, ẹ lọ wo ẹranko náà fúnra rẹ̀.