Bí Ìlù Bá Yí Padà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìlù bá yí padà, ó yẹ kí ijó yí padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìlù yí padà lójijì fún àwọn olùkọ́ Yunifásítì. Àrùn kòrónà gba ayé kan, a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ilẹ̀ púpọ̀, ẹni tí ó sì ti ń kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ nínú gbọ̀ngàn wá di ẹni tí ń dá nìkan bá ojú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn Yunifásítì aládàáni ni ó tètè bọ́ sí i, nítorí àwọn olùkọ́ ti ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì títí di oṣù kejìlá.

Àwọn olùkọ́ kan gbé ọ̀rọ̀ wákàtí méjì tí wọ́n ti ń sọ ní gbọ̀ngàn, wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí Zoom. Wọn kò mọ ẹni tí ó ti sùn lọ, wọn kò sì mọ ẹni tí iná ilé rẹ̀ ti kú tàbí tí dátà rẹ̀ ti tán. Ijó àná ni wọ́n ń jó sí ìlù òní.

Àwọn mìíràn ronú jinlẹ̀. Wọ́n gé ẹ̀kọ́ gígùn sí kéékèèké; wọ́n gba ohùn ara wọn sílẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹni tí kò ní iná lọ́sàn-án lè gbọ́ ọ lóru. Àgbà kò tijú láti bi ọmọdé léèrè bí a ti í lo ẹ̀rọ.

Àwọn kan ní ẹ̀kọ́ òkèèrè kò lè dára láé. Irọ́ ni. Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a dá sílẹ̀ ní 1969, ti ń fi ìwé, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ni láti 1971, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gba oyè níbẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ ni àṣírí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí nítòsí ni wọ́n ní lọ́kàn kí wọ́n tó kọ ìwé ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní ní 2020. Nítorí náà, kì í ṣe àwọn nìkan ni ẹ̀bi tọ́ sí; ó tọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò fún wọn ní ẹ̀rọ àti àkókò pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ kì í kọ́ni. Ènìyàn ni í kọ́ni. Olùkọ́ rere ni ẹni tí ó rántí ọmọ tí ó jókòó sí ọ̀nà jíjìn, tí ó sì pa ijó rẹ̀ dà nítorí rẹ̀.