Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Náà Lọ Sùn

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo fẹ́ tọrọ àforíjì ní gbangba. Nígbà kan, mo rí dókítà kan nínú ìjọ wa tó ń sùn bí mo ṣe ń wàásù. Mo fi ọ̀rọ̀ gún un láti orí pẹpẹ, gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìsìn ló wá bá mi: "Dádì, ẹ má bínú. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo wọṣẹ́, àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde." Ó ní lóru mọ́jú ọjọ́ náà, ìlọ́po mẹ́wàá òògùn tó yẹ kí ọmọdé kan lò ni òun kọ sínú ìwé. Nọ́ọ̀sì ló rí i. Ẹnu mi wọhò.

Ẹ ò ní wọ dánfó tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ti mutí yó, àbí? Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò: ẹni tí kò fojú kan oorun fún wákàtí 24, bíi ti ọ̀mùtí ni ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe. Ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ń gbé aboyún lé láago mẹ́ta òru pé kó ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2003 ni wọ́n ti fi wákàtí 80 lọ́sẹ̀ ṣe gbèdéke fún àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù. Tiwa ńkọ́? Àwọn dókítà ń jápa, iṣẹ́ àwọn tó lọ ń wọ́ lé àwọn tó kù lórí. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan ṣubú lulẹ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ Àìkú, ó sì kú. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní wákàtí 72 ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ṣubú o!

Ẹlòmíì á ní Ọlọ́run ló ń wosàn. Àmín. Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ Èlíjà, oorun àti oúnjẹ ni Ọlọ́run fún un lábẹ́ igi, kì í ṣe vigil. Jẹ́tírò náà kìlọ̀ fún Mósè pé tó bá ń dá gbogbo ẹjọ́ gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, yóò rẹ òun, yóò sì rẹ àwọn èèyàn náà. Ẹ gbọ́ ìkejì yẹn dáadáa. Aláìsàn nìyẹn.

Kí ìjọba gba dókítà sí i, kí wọ́n sì fi gbèdéke sí wákàtí iṣẹ́ wọn. A máa rán wọn létí nígbà tí wọ́n bá tún gbé ìbò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní tiwa, láti Sunday tó ń bọ̀, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó bá ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, kó gba ilé lọ sùn. Ẹ̀yin olórí kúáyà, ẹ má fi orúkọ wọn sí vigil. Tó bá sì jẹ́ pé orí àga ṣọ́ọ̀ṣì ni oorun ti gbé wọn lọ, ẹ̀yin usher, ẹ má jí wọn.