Iṣẹ́ ni Ọ̀bọ Nílò, Kì í Ṣe Gúgúrú

Tí ọdún bá dé, àwọn òbí láti Basin, Tanke àti àdúgbò mìíràn ní Ìlọrin a máa kó ọmọ lọ wo ẹranko ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìlọrin, ọgbà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ẹranko Nàìjíríà, ìwà òǹwòran kì í yàtọ̀ tó bá di ọ̀dọ̀ ọ̀bọ: wọ́n á na gúgúrú tàbí bisikíìtì sí i, kí ó ṣáà nawọ́, kí wọ́n rí fọ́tò yà. Wọ́n gbà pé àánú ni. Kì í ṣe àánú rárá.

Nínú igbó, oúnjẹ wíwá ni iṣẹ́ òòjọ́ ọ̀bọ. Ìjímèrè tí ń gbé ọ̀dàn bíi ti Kàíńjì a máa rìn jìnnà lójúmọ́, á máa wá kòkòrò nínú koríko, á máa já èso, á sì máa ṣọ́ ọ̀tá. Bí wọ́n bá wá tì í mọ́ orí kọnkéré, tí wọ́n da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún un láàárọ̀, kò pẹ́ tí iṣẹ́ ọjọ́ náà fi parí. Á wá máa lọ, á máa bọ̀ lójú kan náà, á máa fa irun ara rẹ̀ tu. Òǹwòran á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ijó ni.

Ọ̀rọ̀ pé ọ̀bọ nílò iṣẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1925 ni Robert Yerkes, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé ó yẹ kí ọ̀bọ àti ìnàkí rí ohun tí wọ́n á fi ṣeré, tí wọ́n á sì fi ṣiṣẹ́. Ọdún 1985 yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà fi òfin gbé ìbàlẹ̀ ọkàn ọ̀bọ tó wà láhàámọ́ lé àwọn tó ń tọ́jú wọn lọ́rùn.

Àwọn kan á ní ebi ń pa ènìyàn, ta ló ń ro ti ọ̀bọ? Ṣùgbọ́n ọ̀bọ kọ́ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ènìyàn ló sì ń gba owó ìwọlé lórí rẹ̀. Àtúnṣe ọ̀hún kò tilẹ̀ wọ́n: kí wọ́n fọ́n ẹ̀pà sínú koríko gbígbẹ, kí wọ́n so okùn àti ẹ̀ka igi rọ̀ fún ọ̀bọ mona tó jẹ́ ará orí igi, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ wọn kó má bàa sú u. Ẹgbẹ́ ló ṣe kókó jù. Kò sí okùn tó lè bá ọ̀bọ wá iná lára. Ní Afi, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, inú igbó gidi tí wọ́n fi wáyà yí ká ni àjọ Pandrillus tó ń dáàbò bo ẹranko, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, kó àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní drill sí, lágboolé lágboolé, wọ́n sì ń bímọ. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ní irú igbó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kò sí ọgbà tí kò lè fòfin de oúnjẹ òǹwòran, tó tún lè kó àrùn ènìyàn ran ẹranko. Ọmọ tó bá fẹ́ fún ọ̀bọ ní nǹkan, kí òbí rẹ̀ ra ẹ̀pà lẹ́nu géètì, kí olùtọ́jú bá a kì í sínú ọparun tí wọ́n dá ihò sí, kí ọmọ sì dúró wo bí ọ̀bọ ṣe máa yọ ọ́.